Ẹ̀rín Kí Èsì Tó Dé

      

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Wọ́ọ̀dù àwọn tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ iṣẹ́ mi. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìlú wa, Ìwéré-Ilé, ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí jẹjẹrẹ, mo mọ̀ pé ohun tí ọ̀pọ̀ ń retí ni kí n ka ohun tó yẹ ká jẹ àti èyí tí kò yẹ ká jẹ. Àwọn mìíràn ti sọ ìyẹn dáadáa. Ohun tí a kì í sábà sọ ni bí ènìyàn ṣe ń gbé àwọn ọjọ́ tó wà láàrin, àwọn ọjọ́ tí a ti fura tí a kò sì tí ì mọ̀. Mo ti rí ọjọ́ wọ̀nyẹn tí wọ́n pa ẹni tí àrùn fúnra rẹ̀ ì bá má pa. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò kú sí ọwọ́ dókítà. Ilé ló sá pa dà sí, kò sì wá gba èsì mọ́.

Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá síwájú yín. Láti ọjọ́ tí dókítà bá ti wí fún ènìyàn pé, “Ó ṣeé ṣe kí èyí jẹ́ jẹjẹrẹ, ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò,” títí di ọjọ́ tí èsì yóò dé, kí ni kí ẹni náà fi ọkàn rẹ̀ ṣe?

Ìdáhùn mi rèé, kí ẹ lè máa fi wọn gbogbo ohun tí mo bá sọ lẹ́yìn rẹ̀. Kó fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀rín. Kó mọ ìwọ̀n ohun tó wà níwájú rẹ̀. Kó sì jẹ́ kí méjèèjì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ibi àyẹ̀wò. Ẹ̀rín tí kò bá gbé ènìyàn débẹ̀, ẹ̀rù ni, ó kàn pa ara rẹ̀ dà ni.

Ìpele kìíní: ìyàtọ̀ láàrin àmì, ìfura àti ìdánilójú

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ to ọ̀rọ̀ wa. Ohun mẹ́ta ni a máa ń dà pọ̀ mọ́ra wọn, àdàpọ̀ yẹn ló sì ń da omi tútù sí wa lára.

Àmì ni ohun tí ara fi hàn wá: kókó nínú ọyàn, awọ ọyàn tó sunkì, orí ọyàn tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀ tàbí lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró pátápátá, ìtọ̀ tó ń kán tó-tó-tó, egbò tí kò jinná, ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ikọ́ tó kọ̀ tí kò lọ. Àmì kì í ṣe àrùn. Èyí tó pọ̀ jù nínú kókó ọyàn àwọn ọ̀dọ́bìnrin kì í ṣe jẹjẹrẹ rárá. Irú kan wà tó máa ń yọ̀ kiri lábẹ́ ìka, tí kò sì ní pa ẹnikẹ́ni. Bí ìtọ̀ bàbá àgbàlagbà kò bá dà dáadáa, ó lè jẹ́ pé próstéètì rẹ̀, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀, kàn tóbi bí ti ọ̀pọ̀ àgbà ṣe ń tóbi ni. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ próstéètì tí wọ́n ń pè ní PSA pàápàá, títóbi lásán tàbí àkóràn lè gbé iye rẹ̀ sókè.

Ìfura ni èkejì. Òun ni dókítà ń sọ nígbà tó bá ní “ó ṣeé ṣe”. Àwọn bàbá wa ti sọ pé ìfura loògùn àgbà, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ṣe fẹ́ kí ẹ máa gbọ́ ọ. Dókítà tó fura kò tí ì dájọ́ fún yín. Ó ń ṣọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń wọlé sí wa létí. Obìnrin kan a gbọ́ “ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò”, kó tó dé ẹnu géètì, ó ti ń ronú ẹni tí yóò tọ́ àbíkẹ́yìn rẹ̀.

Ìdánilójú ni ẹ̀kẹta, ibì kan ló sì sábà máa ń ti wá: inú ẹran ara fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é, torí ohun tí a kò rí rí ni ẹ̀rù rẹ̀ ń pọ̀ jù. Ẹ ó dùbúlẹ̀. Dókítà yóò gún yín ní abẹ́rẹ́ tí yóò pa ojú ibẹ̀ kú. Lẹ́yìn náà ni yóò fi abẹ́rẹ́ mìíràn tó nípọn fa ẹran díẹ̀ jáde. Ẹ ó gbọ́ ìró kékeré kan, pá, bí ìgbà tí ènìyàn ta ìka. Ìró ẹ̀rọ abẹ́rẹ́ náà nìyẹn, ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Ẹran tó jáde kò nípọn ju fọ́nrán òwú lọ, ó funfun, ó tín-ín-rín, ó sì máa ń kákò bó ṣe ń wọ inú omi. Nọ́ọ̀sì yóò sọ ọ́ sínú ìgò kékeré tí omi fọ́máàlìn wà nínú rẹ̀, omi tí òórùn rẹ̀ ń ta ni nímú. Yóò kọ orúkọ yín sára ìgò, yóò kà á sókè fún yín, ẹ̀yin náà yóò sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo máa ń rọ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n wo ìgò náà dáadáa. Gbogbo ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù wà nínú ìgò tí kò ga ju àtàǹpàkò lọ.

Láti ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, irú ìgò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gba Ìsẹ́yìn àti Móníyà lọ sí Ìbàdàn. Níbẹ̀, wọn yóò fi ìda mú ẹran náà le, wọn yóò gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi lè gba inú rẹ̀ kọjá, wọn yóò pa á láró, kí dókítà tó mọṣẹ́ náà tó wò ó lábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Iṣẹ́ yìí gba ọjọ́, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀. Bí èsì bá pẹ́, kì í ṣe pé wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ burúkú pamọ́ fún yín. Ẹran yín ń dúró de kí ó le, kí ó gba aró, kí ó kan án lórí tábìlì.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àrùn òyìnbó ni jẹjẹrẹ tàbí pé àná ló dé. Láti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń kọ jẹjẹrẹ tí wọ́n bá rí ní Ìbàdàn sílẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ ní UCH, ilé ìwòsàn tí wọ́n ṣí ní 1957. Ó ti wà láàrin wa tipẹ́. Orúkọ rẹ̀ ni a kì í pè.

Ìpele kejì: àwàdà wo là ń sọ?

Ẹni tó bá gbọ́ àkọlé mi lè bínú. Ó lè ní, “Nọ́ọ̀sì yìí kò mọ ohun tí ojú ń rí.” Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti di ọwọ́ ẹni tó ń kú mú, mo sì ti wẹ egbò tí ẹbí aláìsàn kò lè wò. Nítorí pé mo mọ̀ ọ́n ni mo ṣe fẹ́ ká tò ó dáadáa.

Àwọn bàbá wa ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi rín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pa òwe yìí bí ẹni pé ó ní kí a gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Òwe náà ti kọ́kọ́ gbà pé ọ̀rọ̀ náà ju ẹkún lọ. Ó ti wọn ọ̀rọ̀ náà, ó ti rí bó ṣe wúwo tó, kó tó pe ẹ̀rín wá. Ẹni tí kò bá tí ì gbà pé ọ̀ràn wà kò tí ì dé ibi tí òwe yẹn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àwàdà tí mo ń sọ, nítorí náà, ni agbára láti pe ohun tó ń bà wá lẹ́rù ní orúkọ, kí ohùn wa má sì gbọ̀n. Àwọn aládùúgbò wa ní Kétu àti Ìmẹ̀kọ mọ èyí tipẹ́. Nínú ìjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wọn, òru ni akọrin Ẹ̀fẹ̀ ń jáde, àwọn ènìyàn á sì máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ fún olówó tàbí fún ìjòyè ní ọ̀sán ni Ẹ̀fẹ̀ ń kọ lórin. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, tó dágbére fún ayé ní 2018, bá wa ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún: ó gbé ìṣẹ́ àti ojúkòkòrò wọṣọ apanilẹ́rìn-ín, gbogbo wa rẹ́rìn-ín, a sì mọ̀ pé ara wa là ń wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú mi rí. Bàbá àgbàlagbà kan wá nítorí ìtọ̀. Ọmọkùnrin rẹ̀ méjì ló tẹ̀ lé e, ojú wọn pọ́n. Dókítà tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò kéré sí àbígbẹ̀yìn bàbá. Ó ṣàlàyé pé òun ní láti fi ìka wọ ihò ìdí kí òun lè fọwọ́ kan próstéètì. Ẹ ṣáà mọ bí èyí ṣe ń rí lára ọkùnrin wa. Mo ti rí àwọn tó dìde, tí wọ́n wọ ṣòkòtò, tí wọn kò sì wá mọ́. Bàbá yìí dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó yí ojú sí ògiri, ó ní, “Dókítà, kágò o! A kì í wọ ilé onílé láì kágò.” Dókítà ọ̀dọ́ yẹn, Ọlọ́run á bù kún un, dúró pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, ó ní, “Àgò onílé o!” Bàbá ní, “Àgò yà.” Àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ohùn wọn láti òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn nìyẹn.

Ẹ wo ohun tí àwàdà yẹn ṣe. Kò sọ pé kò sí nǹkan kan. Ó gbà pé ilé òun ni ara òun, pé òun ni onílé, pé ẹni tó fẹ́ wọlé ní láti tọrọ àyè. Ìtìjú tó fẹ́ lé e jáde ló fi di ọlá. Àyẹ̀wò sì wáyé. Jẹjẹrẹ ni wọ́n bá níbẹ̀, mi ò ní parọ́ fún yín, ṣùgbọ́n wọ́n bá a nígbà tí ohun tí wọ́n lè ṣe sí i ṣì pọ̀, wọ́n sì ṣe é.

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ ìkejì. Obìnrin kan wà tó ń ta èlùbọ́, ẹni tí gbogbo ọjà fẹ́ràn. Ó ní kókó lọ́yàn. Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí i, obìnrin náà fi ṣe yẹ̀yẹ́: ó ní ọyàn òun ló tún fẹ́ bí ọmọ lẹ́yìn tí ilé ọmọ ti pa ilẹ̀kùn dé. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bí ẹnikẹ́ni bá tún mẹ́nu kàn án, a dá àpárá mìíràn. Ọgbọ́n rẹ̀ pọ̀, ẹnu rẹ̀ dùn, kò sì sí ẹni tó lè borí rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀. Nígbà tí mo fi rí i, kókó náà ti bú, a sì ń gbóòórùn rẹ̀ kí ó tó wọlé. Mo bá a wẹ̀ ẹ́. Ó ṣì ń gbìyànjú láti pa mí lẹ́rìn-ín.

Àwàdà méjèèjì dùn létí. Èyí àkọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn fún dókítà, èkejì sì tì í mọ́ ọn lójú. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé ibi àyẹ̀wò ni a ó ti mọ ẹ̀rín tó jẹ́ ẹ̀rín.

Ọ̀rọ̀ kan kù níhìn-ín. Àwọn kan ń sọ kiri pé ẹ̀rín ń wo jẹjẹrẹ. Kò wò ó. Norman Cousins, oníròyìn ará Amẹ́ríkà, kọ ìwé kan ní 1979, ó ní bí òun bá rẹ́rìn-ín àríntàkìtì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òun a sùn fún wákàtí méjì láìjẹ̀rora. Mo gbà á gbọ́. Mo ti rí i tí ìrora rọ̀ díẹ̀ nígbà tí ọ̀rẹ́ dé. Àìsàn oríkèé ara ni tirẹ̀, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Abẹ, kẹmó, ìtànṣán àti oògùn ni wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ. Iṣẹ́ ẹ̀rín ni láti mú wa dé ọ̀dọ̀ wọn, kí orí wa sì pé níbẹ̀.

Ìpele kẹta: ìwọ̀n

Ohun tí mo pè ní ìwọ̀n ni kí ènìyàn mọ bí ohun tó wà níwájú rẹ̀ ṣe tóbi tó gan-an, kó má fi kún un, kó má sì yọ kúrò níbẹ̀.

Àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí wọ́n ń pè ní IARC, fojú díwọ̀n pé ní ọdún 2022 àwọn tí jẹjẹrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Nàìjíríà lé ní 127,000, àwọn tó sì pa lé ní 79,000. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè sọ pé, “Ẹ ò rí i? Ikú ni.” Ẹ má yára. Ẹnu iṣẹ́ ni mo ti kọ́ ohun tó wà lábẹ́ iye yẹn: àwọn tó wá bá wa nígbà tí kókó ṣì kéré kò pọ̀ tó àwọn tó wá nígbà tó ti di egbò. Iye ọjọ́ tí wọ́n fi dúró sílé wà nínú iye àwọn tó kú. Dídúró yẹn ni a lè gé kúrú.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní Amẹ́ríkà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ ìtàn rẹ̀, Stephen Jay Gould ti Yunifásítì Harvard. Ní oṣù Keje ọdún 1982 ni wọ́n rí jẹjẹrẹ kan tó ṣọ̀wọ́n nínú ikùn rẹ̀. Ó lọ sí ilé ìkàwé láti lọ kà nípa rẹ̀. Ohun tó bá níbẹ̀ ni pé kò gbóògùn, àti pé oṣù mẹ́jọ ni ààrin iye ọjọ́ tí ènìyàn ń lò láyé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rí i. Ó jókòó síbẹ̀, ara rẹ̀ kú. Ìgbà tí ọpọlọ rẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ ló wá bi ara rẹ̀ pé: kí ni wọ́n ń pè ní ààrin?

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa náà. Ẹ mú 100 ènìyàn tí àrùn kan náà ń ṣe. Bí oṣù mẹ́jọ bá jẹ́ ààrin, ó túmọ̀ sí pé nígbà tí oṣù mẹ́jọ bá fi máa pé, 50 ti lọ, 50 ṣì wà. Tán. Kò sọ nǹkan kan nípa bí 50 tó ṣẹ́kù yóò ṣe pẹ́ tó. Àwọn tó tètè lọ, gbogbo wọn há sínú oṣù mẹ́jọ yẹn. Àwọn tó kù, kò sí ẹni tó sé ọ̀nà mọ́ wọn: ọdún kan ni, ọdún márùn-ún ni, ogún ọdún ni. Gould wo ara rẹ̀: òun kì í ṣe arúgbó, wọ́n tètè rí tirẹ̀, òun wà lọ́wọ́ dókítà tó dára, òun kò sì tí ì ṣetán láti kú. Ó rí i pé ó ṣeé ṣe kí òun wà lára àwọn tí ọ̀nà wọn gùn. Ó kọ àròkọ lórí rẹ̀ ní 1985. Nǹkan bí ogún ọdún ló lò lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n sọ fún un. Nígbà tó kú ní oṣù Karùn-ún ọdún 2002, jẹjẹrẹ mìíràn ló pa á.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ronú bíi Gould ni yóò lo ogún ọdún, òun náà kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo mú nínú rẹ̀ ni pé iye tí wọ́n ń kà fún wa jẹ́ ti ọ̀pọ̀ ènìyàn lápapọ̀. Kò sí dókítà tó lè mú un lé ẹnì kan lórí kó ní ọjọ́ rẹ nìyí.

Ìwọ̀n kan náà yìí ló sì gbọ́dọ̀ jí ẹni tó ń sùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, tó gboyè dókítà ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1980, tó sì di àgbà onímọ̀ ní Yunifásítì Chicago, wà lára àwọn tó fi hàn ayé pé jẹjẹrẹ ọyàn àwọn obìnrin tó ṣẹ̀ wá láti Áfíríkà sábà máa ń tètè dé, ó sì máa ń le ju ti àwọn òyìnbó lọ. Ní 2005 ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn MacArthur. Ìtumọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ fún wa ni pé kí ọmọbìnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún má sọ pé òun ṣì kéré. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ gbọ́ tiyín náà: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan nínú ọkùnrin mẹ́jọ ni jẹjẹrẹ próstéètì ń mú, ṣùgbọ́n láàrin ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, ọ̀kan nínú mẹ́rin ni. Ẹ fi fóònù pe bàbá yín lálẹ́ òní, kí ẹ tó fi pe ẹlòmíràn.

Ìpele kẹrin: ta ló ni ẹ̀rín?

Mo ní láti ṣọ́ra níbí, nítorí ibẹ̀ ni a ti ń ṣe aburú. Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ló ni ẹ̀rín. Òun ni kó kọ́kọ́ rín in; ẹ̀yin yòókù, ẹ bá a rín in. Bí ó bá fẹ́ sunkún lónìí, ẹ bá a jókòó sínú ẹkún. Èyí tí ẹlòmíràn bá kọ́kọ́ dá sílẹ̀, yẹ̀yẹ́ ni, bó ti wù kí ó dùn tó.

Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe rí ẹni bá a rín in tí kò bá sí ẹni tó gbọ́? Àṣírí ni wàhálà wa. A máa ń pe jẹjẹrẹ ní “àìsàn burúkú yẹn”. A máa ń sọ fún aládùúgbò pé ibà ni. Ọkọ kì í mọ̀, ọmọ kì í mọ̀. Betty Anyanwu-Akérédolú, ìyàwó Rótìmí Akérédolú tó ṣe gómìnà Oǹdó, kọ ọ̀nà yẹn sílẹ̀. Wọ́n rí jẹjẹrẹ ọyàn lára rẹ̀ ní 1997. Ní ọdún yẹn kan náà ló dá BRECAN sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ ọyàn, ó sì ń dúró síwájú èrò, ó ń sọ pé òun rèé, ó ṣe òun, òun ṣì wà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, jẹjẹrẹ próstéètì pa ọkọ rẹ̀. Mo dárúkọ méjèèjì kí ẹ má baà rò pé ẹni tó bá sọ̀rọ̀ síta ti gba ìwé àṣẹ pé kò ní kan òun mọ́. Kò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Gani Fáwẹ̀hìnmí, agbẹjọ́rò ará ìlú, náà kò fi tirẹ̀ pamọ́. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti sọ fún un pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló ń ṣe é. Àìsàn wà lára rẹ̀ nígbà tí ìjọba fún un ní oyè orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń pè ní OFR ní 2008, ó sì kọ̀ ọ́, ó ní òun kò lè gba oyè lọ́wọ́ ìjọba tó ń ni àwọn tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́ lára. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009 ló kú. Bí mo bá rántí kíkọ̀ yẹn, orí mi máa ń wú. Jẹjẹrẹ wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gba gbogbo ilé. Gani ṣì ń jẹ́ Gani. Ìwọ̀n tí mo ń wí nìyẹn.

Mo rántí obìnrin kan tó ń retí èsì. Àwọn àbúrò rẹ̀ yí bẹ́ẹ̀dì ká, wọ́n ń fi igun gèlè nu ojú, kò sì sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀. Ó wò wọ́n títí, ó ní, “Aṣọ òkè tí mo rà ní Ìsẹ́yìn lọ́jọ́sí, ẹ má fojú sí i. Mo ṣì fẹ́ fi jó níbi ìyàwó àwọn ọmọ yín.” Ìkejì nínú àwọn àbúrò dáhùn pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, gèlè rẹ̀ nìkan ni mo fojú sí.” Gbogbo yàrá náà bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ẹ̀rín yẹn ni wọ́n wá lè sọ ohun tó yẹ ní sísọ: ta ni yóò bá a lọ gba èsì, ta ni yóò bójú tó ìsọ̀ rẹ̀, èló ló wà nílẹ̀. Fún odidi wákàtí kan ni mo ti wà níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ ọ̀kan nínú wọn.

Ìpele karùn-ún: àwọn tó ń ta kò mí

Àwọn kan ní àfiṣe ni jẹjẹrẹ. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹni tó bá gbà pé wọ́n fi ṣe òun jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹran náà wò ná. Àwọn kan ní àdúrà làwọn ń gbà. Èmi náà ń gbà á. Mo máa ń gbà á nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìbàdàn. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú, ẹ sì jẹ́ ká wò ó nígbà tó ṣì jẹ́ àìsàn.

Àwọn tó ní kò sí owó, òtítọ́ ni wọ́n sọ, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Ọkọ̀ kúrò ní Ìwéré-Ilé kì í ṣe ọ̀fẹ́, àyẹ̀wò kì í ṣe ọ̀fẹ́, ìtọ́jú sì lè ta oko. Ẹ̀rín kò san owó rí. Ṣùgbọ́n àwọn àyẹ̀wò kan wà tí a lè ṣe nítòsí. Fún ẹnu ilé ọmọ, nọ́ọ̀sì tó gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ lè fi òwú tó rin sínú ọtí kíkan tí wọ́n ti là nù ún, kó dúró fún bí ìṣẹ́jú kan. Ibi tí ara ti yí padà yóò funfun, yóò sì hàn sí ojú lásán. Kò gba iná mànàmáná, kò gba Ìbàdàn. Àwọn ọmọbìnrin wa láti ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún irú wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV, èyí tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Ìyá tó bá ń bẹ̀rù pé abẹ́rẹ́ yẹn yóò sọ ọmọ di àgàn, kó wá bá mi. Jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ló ń gba ilé ọmọ lọ́wọ́ obìnrin.

Ohun tí mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ ìlú nìyí. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ti ọkùnrin àti ti obìnrin, yan ènìyàn méjì tí yóò máa bá ẹni tí wọ́n fura sí lọ. Ẹni tí yóò bá a wọ ọkọ̀, tí yóò bá a jókòó lórí bẹ́ńṣì, tí yóò gbọ́ ohun tí dókítà wí nígbà tí etí aláìsàn bá di, tí yóò sì padà lọ gba èsì bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kọ̀. Kí ẹ yan ẹni tó lè pa ẹnu mọ́, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín. Kí Kábíyèsí àti ìgbìmọ̀ bá wa ya owó ọkọ̀ wọn sọ́tọ̀ nínú owó ìlú, kó má jẹ́ pé owó ọkọ̀ ni yóò dá ènìyàn dúró.

Tábìlì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Nọ́ọ̀sì méjì tí a jọ ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀, èmi náà ń bọ̀ wá jókòó tì wọ́n. Ẹni tó bá ní ìbéèrè tí kò lè bi mí láàrin èrò, kó wá síbẹ̀ kí oúnjẹ tó dé. A ó fa aṣọ ìkélé sílẹ̀.